Ta Ló Ni Etí Omi? Lámèyítọ́ Èdè Tí A Fi Ń Polówó Ilé Ìgbádùn ní Èkó àti Kùtọ̀nú

1. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí

Nínú iṣẹ́ yìí, mo ṣe lámèyítọ́ èdè tí àwọn tó ń kọ́ ilé olówó gọbọi sí etí omi ní Èkó àti ní Kùtọ̀nú fi ń polówó ọjà wọn. N kò bá ilé jà. Ẹni tó lówó, tó sì fẹ́ máa wo òkun láti ojú fèrèsé rẹ̀, kò ṣẹ̀ mí. Èdè ni mo ń yẹ̀ wò. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ẹyọ kan lọ: èdè ìpolówó yìí máa ń kọ́kọ́ yọ àwọn ènìyàn kúrò nínú gbólóhùn kí katakata tó yọ wọ́n kúrò lórí ilẹ̀. Bí àwa olùtumọ̀ kò bá sì fura, gírámà Yorùbá náà ní ihò tí wọ́n lè gbà jábọ́.

Òǹkàwé lè béèrè ohun tó kan ará Pobẹ̀ tàbí Sakẹ́tẹ́ nínú ilé etí òkun. Òkè ilẹ̀ ni a wà. Ọ̀pẹ ló yí wa ká, kì í ṣe ọ̀sà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ló ń ti ibí lọ ṣe iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ní Èkó, ní Àjàṣẹ́ àti ní Kùtọ̀nú. Nígbà mìíràn, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi kọ́ ilé tí à ń sọ yìí. Rédíò Nàìjíríà ń wọlé sí wa, ìpolówó Faransé náà sì ń ti Kùtọ̀nú gòkè wá: etí kan náà ló ń gbọ́ méjèèjì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún àwa tí à ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ di Yorùbá. Iṣẹ́ tó lè gbé oúnjẹ dé ẹnu wọn ni. Nítorí náà ó yẹ kí a jọ mọ ohun tó wà nínú ẹrù náà kí a tó bá ẹlẹ́rù gbé e.

2. Ọ̀rọ̀ kan, ẹgbẹ́ méjì

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "waterfront". Ní Èkó, ọ̀nà méjì ni a ti ń pàdé rẹ̀. Nínú ìwé àwọn tó ń ta ilé, ó máa ń bá "living", "apartments" àti "luxury" rìn. Nínú ìkéde ìjọba àti nínú ìròyìn, ó máa ń bá "settlement", "shanties" àti "slum" rìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, omi kan náà ni, ní ibòmíràn ilẹ̀ kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka iṣẹ́ J. R. Firth yóò rántí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé ara àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀rọ̀ kan rìn ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Níbí, ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń kó ló ń sọ ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí yóò kó ẹrù rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, Gómìnà Akinwunmi Ambode kéde pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yóò wó àwọn ahéré tó wà ní etí omi. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, iná àti katakata dé Otodo Gbame, àdúgbò apẹja kan ní agbègbè Lẹ́kí. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún 2017, àwọn ọlọ́pàá àti katakata padà lọ parí rẹ̀. Àjọ Amnesty International ní àwọn tó pàdánù ilé wọn níbẹ̀ lé ní 30,000. Ègùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn ni pé ìbátan àwọn tí a jọ ń ná ọjà ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé lílé àwọn ará etí omi láìpèsè ibi tí wọn yóò forí lé lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ wá wo àpólà "waterfront shanties" gan-an. Ohun èlò ló dárúkọ. Ahéré ni yóò wó. Kò sí apẹja, kò sí ìyá tó ń yan ẹja, kò sí ọmọ ilé ìwé nínú rẹ̀. Bí a bá sì túmọ̀ "shanty" sí "ahéré", bí mo ti ṣe lókè yìí, nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ní oko Pobẹ̀, ahéré kò ní ìtìjú nínú. Ibi tí àgbẹ̀ ń sùn sí nígbà iṣẹ́ ni, ó sì mọ̀ pé òun ní ilé nílé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Otodo Gbame kò ní ilé mìíràn nílé. Ahéré wọn ni ilé wọn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Yorùbá náà mú ẹ̀gàn tó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì kúrò, ó sì fi irọ́ kékeré kan rọ́pò rẹ̀: ó jẹ́ kí ó dà bíi pé wọ́n ní ibi tí wọ́n lè padà sí. "Ilé" ló tọ́ kí olùtumọ̀ lò, kí ó wí pé ìjọba wó ilé wọn.

Ní ti "waterfront" fúnra rẹ̀, Yorùbá ní "etí omi", "etí ọ̀sà", "etí òkun" àti "bèbè odò". Etí jẹ́ ẹ̀yà ara kí ó tó di ọ̀rọ̀ ibi. Irú èyí kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè wa. Nínú èdè Ègùn àti Fọ̀n, "nù", tó túmọ̀ sí ẹnu, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó wà ní ìparí orúkọ Kùtọ̀nú, èyí tí wọ́n sábà máa ń túmọ̀ sí ẹnu ọ̀sà ikú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé "etí omi" kò ní ẹgbẹ́ méjì bíi ti "waterfront". Etí omi ni ti apẹja, etí omi náà ni ti olówó. Etí-Ọ̀sà ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòyí, Victoria Island àti Lẹ́kí wà nínú rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n jùlọ ní Èkó. N kò sọ pé èyí mú kí èdè wa mọ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì pín sí méjì. Olùtumọ̀ tó bá lọ wá ọ̀rọ̀ kan fún etí omi olówó, tó tún wá òmíràn fún ti tálákà, òun ló pín in.

3. Ẹsẹ̀ nínú omi

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Faransé ti Kùtọ̀nú. Nínú ìpolówó ilé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló gbajúmọ̀. Èkíní ni "standing". Ìwé ara ògiri ló kún fún "appartement de standing" àti "haut standing". Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tí Faransé yá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kì í fi pe ilé. Àyálò tó ti gbàgbé ilé baba rẹ̀ ni. Lójú tèmi, ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń sọ̀rọ̀ nípa ipò láìsọ ẹni tó wà ní ipò náà. Bí a bá ní "ilé olówó" ní Yorùbá, a ti dárúkọ ènìyàn. Bí a bá ní "ilé standing", ilé nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "pieds dans l'eau", ẹsẹ̀ nínú omi. Ilé tó bá súnmọ́ omi débi pé onílé lè jókòó kí ó na ẹsẹ̀ sínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń ga. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru fún ará Ọ̀họ̀rí, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Láàárín Pobẹ̀ àti Kétu, ilẹ̀ amọ̀ dúdú ló wà níbẹ̀. Bí òjò bá dé, amọ̀ náà a gba omi sára, a sì dá a dúró. Ọ̀nà a di ẹrẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ a máa fà á jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó ń gbé níbẹ̀, ilé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi ni ilé tí omi ya wọ̀. Ní ọdún 2010, ìkún omi ní Bẹ̀nẹ̀ kan àwọn ènìyàn tó tó 680,000. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn wà nínú omi, kò sì sí ẹni tó bá wọn fi orúkọ yẹn pè é.

Àwọn ará Ganvié náà wà níbẹ̀ lórí omi Nokoué, ilé wọn lórí òpó igi. Bí a bá fẹ́ tẹ̀lé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ní olówuuru, kò sí ilé ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi tó tiwọn. Ṣùgbọ́n "cité lacustre" ni Faransé ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́. Nítorí náà ìtumọ̀ "pieds dans l'eau" kò sí nínú ẹsẹ̀, kò sì sí nínú omi. Ó wà nínú ẹ̀tọ́ láti fa ẹsẹ̀ ẹni jáde nígbà tó bá wuni. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ìpolówó náà ń tà, òun gan-an sì ni kò sọ jáde.

4. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó pàdánù àbọ̀ rẹ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló wá kàn. Nípa Eko Atlantic, ìlú tuntun tí ilé iṣẹ́ South Energyx ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Victoria Island, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a máa ń gbọ́ jù ni "reclaim": ilẹ̀ tí a gbà padà lọ́wọ́ òkun. Iṣẹ́ náà tóbi. Wọ́n pète pé ilẹ̀ náà yóò fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin mílíọ̀nù 10, pé ògiri tí yóò dá òkun dúró yóò gùn tó kìlómítà 8.5, àti pé 250,000 ènìyàn yóò máa gbé ibẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2013, Bill Clinton wà lára àwọn tó wá síbi ayẹyẹ ilẹ̀ náà.

"Gbà padà" ní ohun kan tó ti gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ kí a tó sọ ọ́: pé ohun náà ti jẹ́ ti ẹni tó ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí lámèyítọ́ ṣe ẹ̀tọ́ níbí. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kọ́ àwọn ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó. Òkúta wọ̀nyí dí ọ̀nà mọ́ yanrìn tó máa ń ti ìwọ̀ oòrùn ṣàn wá, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí Bar Beach lọ́dọọdún. Nítorí náà ilẹ̀ ti wà níbẹ̀ rí, òkun sì gbé e lọ. Àwọn tó ń gbé Victoria Island náà ń jàǹfààní ògiri tuntun náà.

Ṣùgbọ́n "gbà" ní Yorùbá kì í dá rìn. A máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan, a sì máa ń gbà á fún ẹnìkan. Ta ni òkun gba Bar Beach lọ́wọ́ rẹ̀? Gbogbo ará Èkó ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ ọdún. Ibẹ̀ ni àwọn ìjọ aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà. Kò sí ẹni tó ní láti ra ilé kí ó tó dúró níbẹ̀. Ta ni wọ́n gbà á padà fún? Ẹni tó bá lè rà á ni. Ẹni tó pàdánù àti ẹni tó rí i gbà kì í ṣe ẹnìkan náà, ṣùgbọ́n "reclaim" kò ní àyè fún èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ẹ fi èyí wé ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ń sọ: wọ́n fi yanrìn dí omi. "Dí" kò ṣe àlàyé ìtàn kankan, kò sì bu ọlá fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ ohun tí ọwọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kejì ni "déguerpir". Nínú Faransé ti ilẹ̀ Faransé lónìí, ọ̀rọ̀ yìí kì í gba àbọ̀. Ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń sá lọ. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, láti Dakar dé Kùtọ̀nú, ó ti gba àbọ̀: "on les a déguerpis". Kódà ó ti bí ọ̀rọ̀-orúkọ, "les déguerpis", àwọn tí wọ́n lé. Ìjọba àti àwọn tí wọ́n lé jọ ń lò ó. Àwọn olùkọ́ Faransé kan lè pè é ní àṣìṣe. Lójú tèmi, òun ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ olóòótọ́ jùlọ nínú gbogbo èyí tí mo ti yẹ̀ wò. Bí a bá ní apẹja "sá lọ", a ti fi ìlọ náà lé òun lọ́wọ́. Àbọ̀ tí Faransé Áfíríkà fi kún un ló sọ pé ẹlòmíràn ló lé e. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí olùwà rẹ̀: "on". Ẹni tí wọ́n lé ti rí ibi jókòó sí nínú gbólóhùn. Ẹni tó lé e ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

5. Ihò tó wà nínú gírámà tiwa

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń rò pé Yorùbá ti bọ́ nínú ewu yìí. A kò ní irú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń sọ àbọ̀ di olùwà kí ó lè fi oníṣẹ́ pamọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ní ọ̀nà tiwa. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta yìí:

(1) Ìjọba lé àwọn apẹja kúrò ní etí omi.
(2) Wọ́n lé àwọn apẹja kúrò ní etí omi.
(3) Etí omi ti dọ̀tun.

Nínú (1), oníṣẹ́ wà, ẹni tí iṣẹ́ kàn sì wà. Nínú (2), "wọ́n" lè tọ́ka sí àwọn kan tí a ti dárúkọ ṣáájú. Bí kò bá sí irú wọn, kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni; gbogbo olùgbọ́ á gbà pé lílé ni wọ́n lé apẹja, kò sì ní sí ẹni tí yóò béèrè ta ló lé e. "On" tiwa nìyẹn. Nínú (3), oníṣẹ́ ti lọ, apẹja ti bá a lọ. "Di" kò fẹ́ mọ ẹni tó sọ nǹkan di nǹkan. Gbólóhùn kẹta yìí ló dùn létí jù, òun ló sì kúrú jù. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí nínú ìpolówó tí a bá túmọ̀ fún rédíò. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sí àṣìṣe gírámà. Olùkọ́ tó bá ń ṣe máàkì yóò fún un ní gbogbo máàkì. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé máàkì lórí gírámà nìkan kò tó fún irú iṣẹ́ yìí.

"A" náà kò gbẹ́yìn. "A ti tún etí ọ̀sà ṣe": ta ni "a"? Bí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bá sọ ọ́, ó yéni. Bí ohùn orí rédíò bá sọ ọ́ fún olùgbọ́ ní Sakẹ́tẹ́, olùgbọ́ náà ti wà nínú "a", bíi pé òun náà bá wọn dá sí i. Wọ́n ti fi í kún àwọn tó tún ìlú ṣe, kò sì ní ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan níbẹ̀.

6. Orúkọ

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ àwọn ilé yìí fi hàn pé ibòmíràn ni wọ́n wò. "Eko Atlantic" ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún akẹ́kọ̀ọ́ síńtáàsì, nítorí pé ọ̀nà méjì la lè gbà kà á. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yán ló ń ṣáájú, orí àpólà ló ń kẹ́yìn, bíi ti "Eko Pearl Towers", tó wà nínú ìlú náà: ilé gogoro ni kókó ibẹ̀. Nínú Yorùbá, orí àpólà ló ń ṣáájú, ẹ̀yán ló ń tẹ̀lé e, bí ó ti wà nínú "Etí-Ọ̀sà". Bí ọmọ Yorùbá bá ka "Èkó Atlantic" gẹ́gẹ́ bí àpólà tirẹ̀, Èkó ti Atlantic ló kà: Èkó kan tó jẹ́ ti òkun, tó yàtọ̀ sí Èkó tí gbogbo wa mọ̀. Mo rò pé kíkà Yorùbá yìí ló bá òtítọ́ mu jù, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ní lọ́kàn. Wọn kò fi àmì ohùn sí i pẹ̀lú. Láìsí àmì ohùn, "Eko" wà níbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, fún ẹwà.

Orúkọ àtijọ́ ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 1990, lábẹ́ gómìnà ológun Raji Rasaki, ìjọba wó Màrókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó 300,000. Apá kan nínú ilẹ̀ náà padà di ohun tí wọ́n ń pè ní "Victoria Island Extension", bíi pé ẹ̀ka kan ṣàdédé hù lára igi. Ẹni tó bá ka orúkọ tuntun yìí nìkan kò ní mọ̀ pé ìlú kan ti wà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n "Màrókó" kò kúrò lẹ́nu àwọn àgbà Èkó, àwọn tí wọ́n lé níbẹ̀ sì fi orúkọ náà gbé ẹjọ́ wọn lọ títí dé iwájú àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà.

7. Ohun tí mo ń bèèrè

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ kì í dá katakata dúró. Òótọ́ ni. Màrókó ní orúkọ tó gbajúmọ̀, ìyẹn kò sì dá a sí. Ẹlòmíràn lè ní ìpolówó ni ìpolówó, pé ọlọ́jà kan kì í sọ pé ọjà òun korò. Òótọ́ ni èyí náà. N kò retí pé kí ẹni tó ń ta ilé máa ka orúkọ àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí fún oníbàárà. Olùtumọ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tó ń kọ́ ọ. Ọlọ́jà lè yàn láti dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tirẹ̀ ni. Bí olùtumọ̀ bá gbé ìdákẹ́ náà wọ inú Yorùbá láìmọ̀, ó ti di tiwa, àwọn ọmọ wa á sì kọ́ ọ bí èdè.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí a fi ìbéèrè mẹ́ta kún ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ní ẹ̀ka wa. Ta ni olùwà ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, ṣé ẹni tí a lè dárúkọ ni "wọ́n" tàbí "a" tí mo lò? Ta ni iṣẹ́ náà kàn, ṣé ó ṣì wà nínú gbólóhùn mi? Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo lò fún ibi tí olówó ń gbé ni mo lò fún ibi tí apẹja ń gbé, bí ibi méjèèjì bá jẹ́ etí omi? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dáhùn wọn lè parí iṣẹ́ náà kí ó sì gba owó rẹ̀, ó sì lè kọ̀ ọ́. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ó kọ "Etí omi ti dọ̀tun" kí ó sì rò pé òun kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni.

Fún àwọn tó ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún ìwé atúmọ̀ èdè tàbí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń ti Èkó àti Kùtọ̀nú bọ̀ wá sílé fún ọdún ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu fún yanrìn tí wọ́n fi dí omi, fún ògiri òkun, fún lílé tí wọ́n lé ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fojú rí ohun tí à ń sọ. Kí a lọ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí a tó jókòó sí yàrá ìkàwé láti máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ohun tí wọ́n ti dárúkọ.